Abẹ́rẹ́ Tí Í Mú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kún

Ní Wàrí tí a dàgbà sí yìí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn bá jìn, wọn a ní owó ló wọ́n ọn. Abẹ́rẹ́ kan wà tí í mú un kún. Hyaluronic acid ló wà nínú rẹ̀, irú èròjà tí ara wa fi ń fa omi mọ́ra. Ní 2013 ni àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Juvederm Voluma fún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ kan kò ju mílílítà 1 lọ, ìdá kan nínú márùn-ún ṣíbí tíì. Ẹni tó mọṣẹ́ a fi díẹ̀díẹ̀ sí orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ojú má baà dà bíi ti ẹni tó ki àkàrà bọnu.

Ewu ńlá ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn náà bá wọ inú rẹ̀, yóò dí i; awọ ojú lè kú, ojú sì lè fọ́. Hyaluronidase lè yọ́ ọ bí wọ́n bá tètè lò ó, ṣùgbọ́n ojú tó bá fọ́ kì í sábà là mọ́. Sílíkọ́ọ̀nù olómi kò tilẹ̀ ní ohun tí í yọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí oníṣọ́ọ̀bù oge bá pè yín, ẹ bi í bóyá dókítà ni. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ẹ sì ní kó fi hyaluronidase tirẹ̀ hàn yín kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ.