Ìdádúró Ojú Ọ̀nà àti Ìdádúró Ẹnu Ọ̀nà: Wíwọn Nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti Inú Virtual Machine

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí a ti lè gbẹ́kẹ̀ lé ìdádúró nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a bá wọ̀n láti inú virtual machine. A ó máa pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ayálégbé, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà mìíràn ni ó ń gbé, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì jọ ń lo ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà. Ètò tí ó ń pín ọpọlọ yìí fún wọn ni a ó pè ní onílé.

Ping, tí Mike Muuss kọ ní 1983, ni irinṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wa ń lò. Yóò kọ àkókò tí páákẹ́ẹ̀tì jáde sílẹ̀, yóò sì kọ àkókò tí èsì dé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni a ń pè ní ìdádúró. Ṣùgbọ́n bí èsì bá dé nígbà tí kò tíì kan ayálégbé láti lo ọpọlọ ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí yóò fi kàn án, aago yóò sì ka ìdúró yìí mọ́ ìrìn àjò.

Ìdúró náà kì í ṣe kékeré. Nínú Xen, tí ó ti Yunifásítì Cambridge jáde, ètò ìpín àkókò tí a ń pè ní credit a máa fún ayálégbé kan ní mílísẹ́kọ́ǹdù 30 lẹ́ẹ̀kan, bí a kò bá yí i padà. Nínú okùn fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi 200 kìlómítà ní mílísẹ́kọ́ǹdù kan. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi àkókò àlọ àti àbọ̀ wá ibi tí kọ̀ǹpútà kan wà lè fi 3,000 kìlómítà ṣì í, èyí tí ó ju ìdajì ọ̀nà Èkó sí London lọ. Ní 2010, Guohui Wang àti T. S. Eugene Ng fi hàn pé ìdádúró lórí Amazon EC2 ń ṣe ségesège nígbà tí èrò kò pọ̀ lójú ọ̀nà rárá. Pípín ọpọlọ lò ni wọ́n tọ́ka sí. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lójú tiwa, iye tí ó kéré jù lọ nínú ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ṣì wúlò, nítorí pé àwọn èsì kan yóò bá ayálégbé lẹ́nu iṣẹ́. Ìpíndọ́gba ni ó ń bàjẹ́, òun àti ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n kan àti èkejì. (Àwọn gan-an ni a sì fẹ́ràn láti tò sínú tábìlì!) Bí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lè kọ àkókò dídé fúnra rẹ̀, ìyẹn ni ó sàn jù, ṣùgbọ́n ayálégbé kì í sábà ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni iye tí Linux ń fi hàn lábẹ́ «st» nínú top, èyíinì ni àkókò tí ayálégbé fẹ́ ṣiṣẹ́ tí onílé kò gbà fún un. Ó yẹ kí a máa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan.