Òkúta Kan, Etíkun Méjì

Ẹni tó bá dé Iguaçu, níbi tí Bùràsíìlì àti Ajẹntínà ti pààlà, omi ni yóò kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀. Ojú ibi tó ti ń já wálẹ̀ lé ní 200, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Òkúta tí omi náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó já ni tèmi. Ó dúdú, ó le, ó to ara rẹ̀ lérí ara bí àtẹ̀gùn. Básáàtì ni wọ́n ń pè é. Iná ló yọ́ ọ rí.

Òkúta yìí kan náà wà ní Etendeka, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàmíbíà. Kò sí omi tó ń já níbẹ̀. Àwọn òkè tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ ló tò lọ nínú aṣálẹ̀, àgbáǹréré dúdú sì ń ṣa igi gbígbẹ jẹ láàrin wọn. Ìṣàn omi tútù tí wọ́n ń pè ní Benguela, tó ń gba etíkun ibẹ̀ kọjá, kì í jẹ́ kí òjò rọ̀ tó. Ọmọ ìyá ni wọ́n o: ọ̀kan ń wẹ̀ tọ̀sán-tòru, èkejì ń retí ìrì.

Nígbà tí wọ́n ṣì wà pọ̀, kò sí òkun láàrin Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 134 ọdún sẹ́yìn, ooru ńlá ru sókè láti ìsàlẹ̀, èèpo ilẹ̀ nà, ó fẹ́lẹ́, ó sán. Kì í ṣe òkè oníná olórí ṣóńṣó tí à ń rí nínú àwòrán. Ojú sísán gbọọrọ ni òkúta yíyọ́ ti ń tú jáde. Èyí tó ṣàn sí Bùràsíìlì, Paragúáì, Urugúáì àti Ajẹntínà bo ohun tó tó mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó. Níbòmíràn, ó nípọn ju kìlómítà kan lọ. Ìpín ti Nàmíbíà àti Àǹgólà kéré sí i.

Iyanrìn ni ó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀ kí iná tó dé; atẹ́gùn ń kó iyanrìn jọ, ó ń tú u ká, ó tún ń kó o jọ. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni òkúta yíyọ́ bá a. Kò wó òkìtì iyanrìn wọ̀nyẹn. Ó rọra kún àárín wọn, ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní àfonífojì Huab ní Nàmíbíà, wọ́n ṣì wà lábẹ́ òkúta dúdú náà tòun ti ìrísí wọn, bí ẹni pé atẹ́gùn ń bọ̀ wá parí ohun tó ń ṣe. Botucatu ni iyanrìn náà ń jẹ́ ní Bùràsíìlì. Inú rẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Guarani wà, tí àwọn ìlú ń gbẹ́ kànga jíjìn fà mu.

Bùràsíìlì ló jẹ ogún náà jù. Òkúta náà jẹrà di ilẹ̀ pupa tí kọfí fẹ́ràn. Wọ́n ní àwọn ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ oko ń pè é ní “rossa”, èyí ni pupa; etí onílé gbọ́ ọ sí “roxa”, àwọ̀ àlùkò, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ tó há sínú òkúta yíyọ́ náà fi ihò sílẹ̀, omi sì fi àmẹ́tíìsì tẹ́ inú ihò. Ní ìlú Ametista do Sul, òkúta aláwọ̀ àlùkò yìí ni wọ́n fi bo ògiri inú ṣọ́ọ̀ṣì kan.

Ní 1912 ni Alfred Wegener, ará Jámánì, sọ pé ilẹ̀ ńláńlá ń rìn. Ọ̀pọ̀ ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alexander du Toit, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní 1923, ó kọjá sí Gúúsù Amẹ́ríkà, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ àpáta ibẹ̀, ó fi wọ́n wé èyí tó mọ̀ nílé, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1927.

Etíkun tiwa, ní Èkó àti Kútọnu, kò rí irú iná bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ya, ẹ̀gbẹ́ ló sì fi ya: ilẹ̀ wa àti àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì gbára wọn kọjá bí ènìyàn méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Òkun tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú là kọjá lọ sí Bahia, ìyapa yẹn ló bí i.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé iná náà kò tíì kú. Bí ilẹ̀ méjèèjì ti ń jìnnà síra, ó ń fi òkè sílẹ̀ lábẹ́ òkun bí ipasẹ̀, ti Walvis lọ sọ́dọ̀ Nàmíbíà, ti Rio Grande sọ́dọ̀ Bùràsíìlì. Erékùṣù Tristan da Cunha ló wà nídìí rẹ̀ lónìí. Ní 1961, ilẹ̀ là lẹ́bàá abúlé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, wọ́n sì kó gbogbo ará ibẹ̀, tí wọn kò pé 300, lọ sí England. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí ìpadàsílé ní 1962, ènìyàn 5 péré ló kọ̀. Ní 1963, wọ́n padà, wọ́n tún orùlé ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ànàmọ́ òyìnbó wọn sí ìdí òkè náà.