Sinimá Yao Lójú Àwọn Alámèyítọ́ àti Lójú Tiwa

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Yao, sinimá tí Philippe Godeau darí, bọ́ sójú agbo ní ilẹ̀ Faransé. Omar Sy ni àgbà òṣèré inú rẹ̀. Fatoumata Diawara, ọmọ Mali, olórin onígìtá tí òkìkí rẹ̀ ti ré òkun kọjá, ni obìnrin tí àwọn arìnrìn-àjò inú rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan ló sá kúrò ní abúlé rẹ̀ ní àríwá Senegal, tí ó dá rin ìrìn kìlómítà 387 dé Dakar, kí ó lè fojú kan Seydou Tall (Omar Sy), òṣèré tí ó ń padà sí ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́; àánú ọmọ náà ṣe Tall, ó pa iṣẹ́ tì, ó ní òun yóò sìn ín délé.

Ẹnu àwọn alámèyítọ́ kò kò lórí rẹ̀. Àwọn kan yìn ín pé ó tutù, ó sì kún fún ìfẹ́. Àwọn mìíràn ní ó fà jù, pé ẹni tó rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti mọ òpin, àti pé Afíríkà inú rẹ̀ dà bí èyí tí à ń yà sára káàdì fún àlejò. 

Ní ti pé ó fà, ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Lomé wá sí Atakpamé rí, tí awakọ̀ ń dúró kí èrò rajà, kí èrò sì jẹun, kò ní ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwa Ifẹ̀ Atakpamé pàápàá, ọmọ Oòdáyé ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tí àwọn àgbà wa ń nawọ́ sí Ilé-Ifẹ̀ pé ibẹ̀ la ti ṣí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò tẹ ibẹ̀ rí, ìbànújẹ́ Tall kò ṣàjèjì sí wa: àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn kò sùn rí ńkọ́?

Ní ti káàdì, mo gbà fún wọn. Ẹjọ́ tèmi gan-an ni ti Fatoumata. Ìgbàkígbà tí Gloria, obìnrin tí ó ṣe, bá yọjú ni sinimá náà ń tají, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní iṣẹ́ tó ju kí ọkùnrin rí i kí ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ agbára rẹ̀ lọ wo Timbuktu ti Abderrahmane Sissako, ti ọdún 2014, tí ó gba ẹ̀bùn César méje: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń nà án ní pàṣán nítorí pé ó kọrin, tí ó sì ń kọrin lábẹ́ pàṣán náà. Ìran náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ṣe ju gbogbo ohun tí Godeau fún un ṣe lọ.