Ìgbà Ìkórè: Bí Ìdílé Ṣe Ń Ti Súrùlérè, Yábàá àti Múṣin Lọ Sóko

Ìrìnàjò ìdílé sí oko nígbà ìkórè ní àsìkò tirẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìgbà tí ewé igi bá ń pọ́n tó sì ń wọ́ ni àwọn òbí máa ń kó ọmọ lọ sí oko elégédé. Ní Èkó, òjò ló ń pín ọdún. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó ń le títí di oṣù keje, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì ń padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ìgbà tí òjò ìkẹyìn yìí bá ń palẹ̀ mọ́ ni oko ń dùn ún wò jù lọ: iṣu tuntun ti jáde, àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì ti dúró, kòkó ń pọ́n lórí igi, ọsàn ń bọ̀ lọ́nà, elégédé sì ti gbó láàárín ebè. Ìsinmi òmìnira ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá àti ìsinmi àárín táàmù bọ́ sí àkókò náà gan-an.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí oko kúrò ní Lagos Mainland. Ní ọdún 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà, ìjọba dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń hu ohun ọ̀gbìn tí àgbẹ̀ lè mú lọ gbìn. Ṣáájú ìgbà náà, oníṣòwò ńlá kan ní Èkó, James Pinson Labulo Davies, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó ní Ijon lẹ́bàá Àgége ní nǹkan bí 1880. Àwọn bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker tẹ̀ lé e, Àgége sì di ibi tí ará Èkó ti ń dáko. Olówó ìgbà náà lè ní ilé ìtajà ní erékùṣù Èkó kó sì ní oko kòkó àti obì ní Àgége. Bí ó bá ń lọ wo oko, ọmọ á tẹ̀ lé e.

Ilé ló lé oko lọ. Láti 1955 ni àjọ tó ń tún ìlú Èkó ṣe ti ń kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní erékùṣù wá sí Súrùlérè. Múṣin, tó wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn títí di 1967, kún fún àwọn tó ti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti ibòmíràn wá. Àwọn wọ̀nyí kò nílò ẹni tí yóò ṣètò ìrìnàjò sóko fún wọn. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, wọ́n á kó ọmọ ránṣẹ́ sí bàbá àgbà nílé, bàbá àgbà á sì mú un lọ sí àbà. Ọmọ náà á mọ ebè, á mọ ọ̀kọ́, á mọ bí a ṣe ń fi àdá la ọ̀nà. Ní òde òní, bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ń gbé ní Ìtìrẹ́ tàbí ní Akọka, oko ìdílé lábúlé sì lè ti di ilẹ̀ tí a gé sí púlọ́ọ̀tì. Ìdí nìyẹn tí lílọ sóko fi di ohun tí òbí ní láti jókòó ṣètò, kó wá ọkọ̀, kó sì bá olóko sọ ọ́ ṣáájú.

Elégédé ló yẹ kí irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ dá lé, nítorí ohun ọ̀gbìn tó rọrùn fún ọmọ kékeré láti rí, láti fọwọ́ kàn àti láti gbé kò pọ̀ tó o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní Mẹ́síkò, àwọn awalẹ̀pìtàn rí irúgbìn rẹ̀ nínú ihò àpáta kan, ó sì ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún. Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Áfíríkà lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ti dé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Yorùbá gbà á sílé débi pé ó ní ààyè pàtàkì nínú ìtàn Ifá. Nínú ìtàn Ọ̀bàrà Méjì, àwọn Odù lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́fin, Ọlọ́fin sì fi elégédé ta ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rẹ. Ẹ̀bùn náà kéré lójú wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà sílé Ọ̀bàrà, ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Ó fi ìwọ̀nba oúnjẹ tó ní ṣe wọ́n lálejò, wọ́n jẹun yó, wọ́n sì fi gbogbo elégédé náà sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí kò sí oúnjẹ mọ́ nílé ni Ọ̀bàrà mú ọ̀bẹ la elégédé, ọrọ̀ ló sì bá nínú rẹ̀. Ìtàn elégédé bá Yorùbá sọdá òkun. Ní Kúbà, Ọ̀ṣun ni wọ́n mọ̀ mọ́ elégédé. Ọmọ tí wọ́n bá ti pa ìtàn Ọ̀bàrà fún kó tó dé oko kì í fẹ́ kúrò níwájú elégédé tí wọ́n ń là.

Bí elégédé ṣe ń so gan-an ni ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ nínú oko. Ìtàkùn kan náà ló ń yọ òdòdó akọ àti òdòdó abo. Abo ni èyí tí bọ́ọ̀lù kékeré wà nídìí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ni yóò di èso bí oyin bá ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí oyin kò bá wá, á pọ́n, á sì já bọ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni òdòdó náà ń ṣí, kó tó di ọ̀sán ó ti kákò. Nítorí náà, ìdílé tó bá kúrò ní Múṣin ní aago mẹ́sàn-án, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá a dúró, kò lè rí i. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló dára láti gbéra, kí ọmọ lè dúró wo oyin lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó bá ń retí oko elégédé gbalasa bí ti Amẹ́ríkà kò ní rí i ní agbègbè Èkó. Àgbẹ̀ Yorùbá kì í sábà gbin elégédé nìkan. Àárín iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń fi í sí, kí ewé ńlá rẹ̀ lè bo ilẹ̀, kí koríko má baà rí oòrùn, kí omi má sì tètè gbẹ. Ọgbọ́n yìí tọ́ sí kí àgbẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ, nítorí ìwé ilé-ìwé kì í sábà mẹ́nu bà á. Ewé rẹ̀, gbọ̀rọ̀, jẹ́ ẹ̀fọ́ pàtàkì ní Oǹdó, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń jẹ ùgú lójoojúmọ́ kò mọ gbọ̀rọ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ẹbí kan náà ni ùgú, gbọ̀rọ̀, ẹ̀gúsí àti igbá tí a fi ń bu omi.

Láti mọ elégédé tó gbó, a máa ń fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná bá wọlé, kò tíì tó. Bí èèpo bá le, tí ọwọ́ tó fi so mọ́ ìtàkùn náà sì ti gbẹ bí igi, ó tó ká. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé e, a sì ń fi díẹ̀ lára ọwọ́ náà sílẹ̀, torí elégédé tí a bá já ọwọ́ rẹ̀ kúrò pátápátá máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rà láti ojú egbò yẹn. Èyí tí a bá ká dáadáa lè wà nílé fún oṣù bíi mélòó kan láìsí fíríìjì.

Ọ̀nà àtilọ ti rọrùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọkọ̀ ojú irin pupa ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ń gba Yábàá àti Múṣin kọjá lọ sí Àgbàdó, ní ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ń gbéra ní ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Alágọmejì. Ojú irin náà gùn ní 157 kìlómítà, ó ń gba Pápáláńtọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, Mọníyà ló sì ń parí sí. Mọníyà kò jìnnà sí ibùdó ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀, igbó àti adágún omi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A gbọ́dọ̀ kọ̀wé síwájú kí wọ́n tó gbani láyè.

Ọ̀fàdà sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà máa ń pọ́n láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, ọmọ tó ti jẹ ẹ́ nínú ewé lóde ìnáwó lè rí i lórí ìdúró níbẹ̀. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní oko ẹ̀fọ́, ẹ̀gẹ́ àti ẹja. Ìdílé tó bá ní ìwé ìrìnnà lè sọdá lọ sí Sọ́ńgháì ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, oko àti ilé-ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ń di ajílẹ̀, wọ́n sì ń mú àlejò káàkiri láti fi bí ọ̀kan ṣe ń bọ́ èkejì hàn wọ́n. Ó ń fi iṣẹ́ oko han ọmọdé ní kedere.

Oko adìẹ ní tirẹ̀ kì í fẹ́ àlejò, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ahun. Láti 2006 tí àrùn adìẹ (bird flu) ti wọ Nàìjíríà, olóko mọ̀ pé bàtà àlejò kan lè gbé ikú wọ ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìẹ. Ibi tí wọ́n bá ti gba àlejò, wọ́n á ní kí ó tẹ ẹsẹ̀ bọ omi apakòkòrò.

Àgbẹ̀ tó bá dá iṣẹ́ dúró nítorí àlejò ti pàdánù nínú ọjọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a san nǹkan fún un, kí a sì ra irè oko lọ́wọ́ rẹ̀ láìnájà pa á. A kì í já nǹkan lóko olóko láìgba àṣẹ. Aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, bàtà òjò àti omi mímu ṣe pàtàkì. Àgbàlagbà ló yẹ kó ṣíwájú nítorí ejò àti ìjàlọ, kí ó sì fi yèrèpè han ọmọ kí ọmọ tó fara kàn án. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a jẹ́ kí ọmọ ṣiṣẹ́: kó wa iṣu kan, kó kó àgbàdo jọ, kó gbé elégédé tó wúwo fún un díẹ̀. Ọmọ tó dúró ya fọ́tò nìkan kò tíì dé oko.

Ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá kan náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ní Yábàá àti Ẹ̀bùté Mẹ́ta ń ṣe ìdúpẹ́ ìkórè. Àlùfáà Robert Hawker ló mú irú ìsìn yìí gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Morwenstow, ní 1843. Àwọn míṣọ́nnárì ló sì gbé e wá. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, elégédé àti adìẹ ló ń kún iwájú pẹpẹ, wọ́n á sì ta wọ́n ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Ọjà Òjúwòyè tàbí Máìlì 12 ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ra ohun tí wọ́n ń gbé lọ. Ìdílé tó bá fi ìrìnàjò oko ṣáájú ọjọ́ ìkórè lè gbé ohun tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ká lọ sí pẹpẹ, ó sì dára kí àwọn ìjọ gbìyànjú èyí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wọn.

Àwọn Yorùbá tó wà lókè òkun kò ṣàìmọ àsìkò yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Illinois ló ń gbin elégédé jù, ìlú Circleville ní Ohio sì ti ń ṣe àjọ̀dún elégédé láti 1903. Ilé-ìwé ń kó àwọn ọmọ lọ sóko, ọmọ Yorùbá á bá wọn lọ, á sì gbé elégédé tirẹ̀ bọ̀ wálé. Púpọ̀ nínú elégédé tí wọ́n ń rà níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ojú àti ẹnu sí i lára ni, wọn kì í jẹ ẹ́. Ìyá tó bá mọ elégédé á yà tirẹ̀ sọ́tọ̀, á bó o, á sè é pọ̀ mọ́ iṣu tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú epo pupa, ata àti edé.

Irúgbìn inú elégédé tí a gbé ti oko bọ̀ lè hù ní Súrùlérè. A máa ń fọ̀ ọ́, a ń sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ, a sì ń kó o sínú bébà. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, a lè gbin méjì sínú àpò ìrẹsì tí a fi ilẹ̀ dídú kún, kí a fi okùn darí ìtàkùn rẹ̀ gun ògiri. Gbọ̀rọ̀ rẹ̀ tó í gé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan àbọ̀. Bí oyin kò bá wọ́pọ̀ ní àdúgbò, ọmọ lè já òdòdó akọ kan ní òwúrọ̀, kó fi àárín rẹ̀ ra àárín òdòdó abo. Bí ó bá mú, bọ́ọ̀lù kékeré náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín ọjọ́ mélòó kan.