Kọ̀ǹpútà inú ilé ń ran akẹ́kọ̀ọ́ bàálù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò òfuurufú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú mu wẹ́kú, nítorí kọ̀ǹpútà inú ilé ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbaradì kó tó wọ bàálù gidi.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ṣí pápákọ̀ òfuurufú ìpínlẹ̀ Èkìtì. Òbí tó wà ní Ìjerò, Aramọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, tí ọmọ rẹ̀ bá ní iṣẹ́ bàálù lòun fẹ́ ṣe, yóò tètè mọ̀ pé owó ńlá ló ń gbà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 wà ní Zaria. Ìjọba Kwara náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ICAO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù lágbàáyé, ẹni tó fẹ́ fi bàálù wíwà ṣiṣẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ ní wákàtí 200, tàbí 150 tó bá kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ owó epo àti owó olùkọ́.

Fífi ẹ̀rọ kọ́ bàálù lórí ilẹ̀ kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1929, Edwin Link, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ ń ṣe dùùrù, lo ẹ̀wìrì dùùrù láti ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí bàálù. Lọ́dún 1934, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó ń fi bàálù gbé lẹ́tà ń kú nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, ìjọba Amẹ́ríkà ra mẹ́fà. Lọ́dún 1982 ni Microsoft gbé irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi í mọ ibi tí aago kọ̀ọ̀kan wà, ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé kí bàálù tó gbéra, àti bí wọ́n ṣe ń fi aago nìkan wá ọ̀nà nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀. Ó lè tún un ṣe nígbà ogún láì jó epo.

Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í mi ìjókòó, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bani; tí bàálù bá já, bọ́tìnì kan ni wọ́n ó tẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dá kọ́ ara rẹ̀ sábà máa ń tẹjú mọ́ aago dípò kó wo ìta. Bí àṣà yìí bá wọ̀ ọ́ lára, owó àti àkókò ni olùkọ́ yóò fi yọ ọ́ kúrò. ICAO ní wákàtí 10 péré ni wọ́n lè kà nínú 200 náà fún ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ, ìyẹn ẹ̀rọ tí ìjọba ti yẹ̀ wò. Eré inú ilé kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, kí òbí tó ta ilẹ̀ tàbí oko kòkó, kọ̀ǹpútà lè fi hàn án bóyá ọmọ náà ní sùúrù fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn èyí, kó mú un lọ fún àyẹ̀wò ìlera àwọn awakọ̀ òfuurufú, kí olùkọ́ sì sọ ohun tí yóò máa fi dánra wò nílé. A kì í dúró sí bèbè odò ká mọ odò wẹ̀.