Ewé Ẹ̀lú àti Ìkòkò Aró

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ta ni nínú wa tí kò ní ìró àdìrẹ kan nínú àpótí? A ń fi í pọn ọmọ, a sì ń fi í ròde. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín obìnrin bá bèèrè pé, “Màmá mi, kí ni wọ́n fi ṣe aró yìí?” kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn?

Ewé ẹ̀lú ni. Igbó ilẹ̀ wa ni ẹ̀lú ti ń hù, ó sì máa ń fà mọ́ igi mìíràn. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè rò pé aró wà nínú rẹ̀. Ọ̀mùnú ewé náà ni àwọn ìyá wa ń já. Wọn a gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, wọn a mọ ọ́n róbótó bí ìkúùkù, wọn a sì sá a sí oòrùn. Bí ó bá gbẹ tán, ó ṣeé tọ́jú, ó sì ṣeé tà lọ́jà.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan eérú. Wọn a kó eérú igi sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọn a sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tí ó bá kán sísàlẹ̀ ni wọn yóò fọ́ ẹ̀lú sí. Wọn a dé e fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ó a tó ọ̀sẹ̀ kan. Imú àti ojú ni aláró fi ń mọ̀ bí aró bá ti pé.

Aṣọ tí a bá fà jáde kì í ṣàdéédé dúdú. Àwọ̀ ewéko ni ó kọ́kọ́ ń ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. A ó tún tì í bọ inú aró, a ó tún fà á jáde, títí yóò fi dúdú bí a ti fẹ́.

Ní 1897 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá. Nígbà tí òun àti kọ́sítíìkì sódà dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ aró yá kánkán. Ní 1936, ọ̀rọ̀ òfin tí ó de kọ́sítíìkì dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Aláké Adémọ́lá Kejì. Èmi kò dá àwọn aláró náà lẹ́bi. Ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ bọ́ ọmọ ń fẹ́ kí iṣẹ́ yá.

Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì ń jó awọ ara, ó sì ń jó ọ̀fun ọmọ tí ó bá gbé e mì. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu láé. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Omi eérú pàápàá ń ta ara, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé.

Bí ìyá àgbà kan bá kù ní àdúgbò yín tí ó mọ ìdí ìkòkò aró, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ bá a já ewé, ẹ bá a gún un, kí ẹ sì mú ọmọ yín obìnrin dání. Iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé, ọwọ́ ni a fi ń gbà á lọ́wọ́ àgbà.