Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Di Àwòrán ní Ilé-Ifẹ̀

Ní 1808, Caspar David Friedrich, ayàwòrán ará Jámánì, ya òkè olókùúta, igi àti ìtànṣán oòrùn, ó sì fi àgbélébùú kékeré sí ṣóńṣó òkè náà. Pẹpẹ ni ó yà á fún. Ní 1809, Ramdohr, tó máa ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà, bínú gidigidi: ó ní àwòrán igbó òun òkè kò yẹ lórí pẹpẹ. Àmọ́ Friedrich mọ ohun tó ń ṣe. Ó máa ń ya ènìyàn ní kékeré, ẹ̀yìn onítọ̀hún á wà síhà ọ̀dọ̀ wa, ìkùukùu á bo ìdajì òkè. Ẹni tó ń wo àwòrán á wá dà bíi pé òun ló dúró níbẹ̀, ohun tó ju òun lọ sì ń bẹ níwájú.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́? Ní Ẹnuwá, iwájú ààfin Ọọ̀ni ni Òkè Mògún wà, níbi tí Ọọ̀ni ti ń bọ Ògún nígbà ọdún Ọlọ́jọ́. Kò sẹ́ni tó ń retí àwòrán kó tó gbà pé ilẹ̀ yẹn lágbára. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá tó ń kun ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ifẹ̀ fi ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀: ilẹ̀ gan-an ni ọ̀dà wọn. Wọ́n á lọ òkúta àti erùpẹ̀ kúnná, wọ́n á gún èédú, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á sì kùn ún sára ògiri alámọ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta ló ṣe kókó. Funfun tutù, ti Ọbàtálá ni. Pupa gbóná, bíi ti Ṣàngó. Dúdú wà láàárín, òun ló ń mú kí òtútù àti ooru bára mu. Òjò a máa fọ̀ wọ́n dànù, kò sì burú, torí bí ọdún òrìṣà bá ti súnmọ́, wọ́n á tún ògiri náà kùn. Títún un kùn jẹ́ ara ìsìn. Lójú tèmi, ibí yìí ni wọ́n ti ju Friedrich lọ: òun fi ojú wo òkè, àwọn ìyá ti ọwọ́ bọ erùpẹ̀.

Moyọ̀ Òkédìjí, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi erùpẹ̀ yàwòrán dípò ọ̀dà òkè òkun. Ní 1989, òun, Kúnlé Filani, Tọ́lá Wewe, Bọ́lájí Campbell àti ẹlòmíràn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán tí wọ́n pè ní Ọnà sílẹ̀. Ní 2008, Campbell tẹ odindi ìwé jáde lórí àwòrán ògiri ojúbọ.

Sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà inú agolo ti ń gba ipò amọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ tọ àwọn ìyá tó kù lọ báyìí, kí ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti ń wa erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe ń pò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.